Ọjọ́ Tí Wọ́n Wá Wo Òṣì Wa

Agége, Èkó,
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Karùn-ún, 2025.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Pẹ̀lú ọkàn tó wúwo ni mo fi mú kálámù lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ibì kan jókòó sí kí ẹ tó kà á síwájú, kí ẹ sì ní kí ẹnì kan bu omi tutù sítòsí yín. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ọmọ fi ìwé sọ fún bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí bí mo ṣe lè bò ó mọ́lẹ̀. Butà ilé wa ti sọnù.

Butà aláwọ̀ ewé ni. Gbogbo ilé ló ń lò ó, títí kan àwọn onígbàgbọ́, tí àwọn kì í ṣe àlùwàlá ṣùgbọ́n tí wọ́n máa ń lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bí gbogbo èèyàn. Wọ́n pe ìpàdé pàjáwìrì. Johnson, ará Ìjẹ̀bú tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, ni wọ́n fi ṣe alága ìgbìmọ̀ olùwádìí, nítorí pé òun nìkan ló ní tọ́ọ̀ṣì. Ìgbìmọ̀ náà ṣì ń jókòó. Ní báyìí ná, ike òróró la fi ń ṣe àlùwàlá, àdúrà wa sì ti ń rùn bí ẹja díndín.

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, bàbá mi. Etí yín ńkọ́? Mo mọ̀ pé bí mo bá pè yín lórí fóònù, "Àlàáfíà ni" lẹ máa fi dáhùn gbogbo ohun tí mo bá sọ, kódà bí mo bá ní ilé ń jó. Ẹ̀rọ tó ń la gedú ní ilé-pákó ti gba etí yín, ó sì fún yín ní ìfẹ̀yìntì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé. Teslim awakọ̀ ló mú un dání. Ẹ fún un ní omi, kì í gba nǹkan mìíràn.

Modinat ìyàwó yín kúnlẹ̀ kí yín. Yàrá wa kò gbà á láti kúnlẹ̀ dáadáa, torí náà ìdajì ìkúnlẹ̀ ni, ẹ bá wa fi ìyókù sí i. Hassanat ọmọ wa náà kí yín. Ó ti pé ọdún mẹ́rin. Gbogbo nǹkan ló ń pa á lẹ́rìn-ín báyìí, títí kan onílé wa.

Ní ti iṣẹ́, mo ṣì wà ní kọ́ńpìnnì bísíkíìtì ní Ọ̀gbà, mo ṣì ń so páálí. Kásúà ni mí síbẹ̀. Ní àràárọ̀, gbogbo àwa kásúà á tò sí ẹnu géètì, ọ̀gá á sì máa na ìka: "Ìwọ. Ìwọ. Ìwọ, rárá, ẹni ẹ̀yìn rẹ." Ẹni tí ìka bá bọ́ sí lára á wọlé. Ẹni tí kò bọ́ sí lára á padà lọ kí ìyàwó rẹ̀ bí àlejò. Tẹ́lẹ̀, ìka náà kì í fò mí. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ra ẹ̀rọ tó ń so páálí. Kì í jẹun, kì í kírun, kò sì lọ sí pólì. N kò bá a ṣọ̀tá. Bí mo bá jẹ́ ọ̀gá, òun ni èmi náà máa na ìka sí.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan ló kù, bàbá mi. Ó ti di dandan kí Modinat ṣiṣẹ́. Màdáámù kan ní Omole ń wá ẹni tí yóò máa gbé inú ilé rẹ̀, tí yóò máa sè, tí yóò máa fọ̀. Ibẹ̀ ni yóò máa sùn. Màdáámù náà ní òun kò fẹ́ ọmọ kékeré nínú ilé òun, torí ajá òun kò fẹ́ràn ariwo. Bí Modinat bá lọ, tí èmi náà sì ń jí lọ sí géètì, kò sí ẹni tí yóò wà pẹ̀lú Hassanat. Á jẹ́ pé ọ̀dọ̀ yín ni yóò wá máa gbé. N kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Modinat kò fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà kejì wà. Àjọ kan wà ní Allen, nínú ilé onígíláàsì, wọ́n ń pè é ní Àjọ Ìtura Ìdílé Àlejò. Àwa tí a wá láti ìlú mìíràn wá ṣiṣẹ́ ní Èkó, tí Èkó kò sì mọ̀ pé a ti dé, ni wọ́n fẹ́ ràn lọ́wọ́. Wọ́n ní jẹ́lé-ó-sinmi ọ̀fẹ́, tí ọmọ lè wà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Bí wọ́n bá fún Hassanat ní àyè kan níbẹ̀, Modinat á gba iṣẹ́ ojúmọmọ ní ilé-iṣẹ́ ọ̀rá, ọmọ á sì máa sùn láàárín wa bó ṣe wà. A ti forúkọ sílẹ̀. Ní ìparí oṣù yìí, wọn yóò wá wo yàrá wa, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí i pé a tòṣì. Ọkàn mi balẹ̀. Gbogbo ìdánwò tí mo ṣe ní pólì, èyí nìkan ni mo múra sílẹ̀ fún dáadáa.

Ẹ fi àdúrà ràn wá lọ́wọ́.

Ọmọ yín,
Ishaq.


Ògbómọ̀ṣọ́,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Karùn-ún, 2025.

Ishaq,

Mo rí ìwé rẹ gbà. Mo jókòó bí o ṣe wí, mo ní kí wọ́n bu omi wá. Nígbà tí mo dé ibi tí o ti dárúkọ butà, mo mu omi náà, mo sì ṣẹ́ ọ lépè díẹ̀. Mo ti gbé e kúrò. Má ṣe dẹ́rù ba àgbàlagbà mọ́.

Ara mi le. Etí kò gbọ́, ṣùgbọ́n ojú ń ríran, ohun tí ojú mi sì rí nínú ìwé rẹ, mo kà á títí, n kò gbà á gbọ́. Àjèjì ń bọ̀ wá wo inú yàrá rẹ, kí ó lè mọ bí òṣì rẹ ṣe tó. Ìwọ fúnra rẹ lo sì júwe ọ̀nà fún un! Ta lo rí tó ṣe bẹ́ẹ̀ nílé wa?

Ní ọdún tí bàbá mi kú, kò sí oúnjẹ nílé. Ìyá mi gbé ìkòkò omi kaná. Omi lásán. Ó ń dáná sí i láti àárọ̀ títí di alẹ́, kí èéfín lè máa jáde, kí ará àdúgbò má baà mọ̀. Èéfín náà la jẹ. Kò sí ẹni tó mọ̀ títí di òní, àfi ìwọ tí mo ń sọ fún yìí, jọ̀wọ́ ya ìwé yìí bí o bá kà á tán.

Mo mọ̀ pé páálí lo ń so. Ṣé mo sọ pé n kò mọ̀ ni? Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi mí ní mọ́ṣáláṣí pé, "Ishaq ńkọ́?", màá ní, "Ó wà ní kọ́ńpìnnì kan lápá Ìkẹjà." Màá pa ẹnu mi dé. Ohun tí wọ́n bá fi kún un, tiwọn ni. Wọ́n ti fi mọ́tò kún un.

Gbọ́ mi. Kò sí ẹni tí ń fi nǹkan gidi lé ọwọ́ ẹni tó wọ àkísà. Bí àwọn èèyàn yẹn bá dé, tí wọ́n bá ilé yín bí ahoro, wọ́n á ní, "Àwọn wọ̀nyí? Ọmọ wọn yóò mú ìdun wọ jẹ́lé-ó-sinmi wa." N kò ní jẹ́ kí wọ́n rí ìhòòhò rẹ. Mo ti ní kí Àǹtí rẹ Fàúsát múra. Ó ń kó àga alárán mi méjèèjì bọ̀, kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀, aago ńlá tó ní àwòrán Mẹ́kà, àti tẹlifíṣọ̀n. Tẹlifíṣọ̀n náà kò ṣiṣẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n àlejò kì í béèrè àlàáfíà tẹlifíṣọ̀n. Tòlótòló kan tún wà pẹ̀lú wọn. Teslim ṣì wà ní Èkó, torí náà ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n ń bá bọ̀. Jẹ́ kí Modinat wọ léèsì rẹ̀.

Ní ti pé kí ọmọ wá gbé ọ̀dọ̀ mi, ọmọ a máa wá sílé bàbá àgbà nígbà ìsinmi, pẹ̀lú bàtà tuntun lẹ́sẹ̀. Kì í wá nítorí pé ìyá rẹ̀ lọ ń sùn nílé onílé. N kò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́.

Èmi bàbá rẹ,
Làsísì.


Agége,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Karùn-ún, 2025.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé. N kò tíì gbọ́ yín, ṣùgbọ́n Teslim ní òun ń gòkè lọ lónìí, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ ibi tí a bá a dé.

Ìmúrasílẹ̀ ń lọ ní rẹbutu. A ti gbé fáànù pamọ́ sí yàrá Johnson. A ti ká kọ́tìnì. Modinat bá wa wá ìkòkò kan tó lu, ó sì gbé e sí ibi tí ojú máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí. Mo ní kó má ṣe àṣejù. A ti kọ́ Hassanat pé bí àlejò bá dé, kó má rẹ́rìn-ín. Ó gbìyànjú rẹ̀ wò lánàá, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nǹkan kan ránṣẹ́. Kódà gààrí, ẹ jẹ́ kó dúró ná. Bí wọ́n bá rí àpò kan tó kún nílé wa, ó tán. Wọ́n ní àwọn ìdílé tó ti forúkọ sílẹ̀ pọ̀ ju àyè lọ, ìyẹn ni pé ẹni tó bá tòṣì jù ló máa gba ipò kìn-ín-ní. N kò gba ipò kìn-ín-ní rí, bàbá mi. Ẹ jẹ́ kí n gba èyí.

Ọmọ yín,
Ishaq.


Ògbómọ̀ṣọ́,
Ogúnjọ́, oṣù Karùn-ún, 2025.

Ishaq,

Ìwé rẹ kejì dé. Fàúsát ti lọ. Ọjọ́ tí Teslim gbé ìwé rẹ ni ọkọ̀ tirẹ̀ ṣí. Teslim ní òun rí wọn nítòsí Ìbàdàn, pé òun rí àga méjì lórí ọkọ̀ kan tí wọ́n yí ẹsẹ̀ wọn sókè, pé òun sì fun fèrè kí wọn.

Mo ní kí ọmọ aládùúgbò wa bá mi pe Fàúsát lórí fóònù. Ọmọ náà ní Fàúsát ti dé, ó ti tẹ́ gbogbo rẹ̀, ó ń sinmi lórí ọ̀kan nínú wọn. Mo ní kí ó sọ fún un pé kó ká wọn. Ó ní Fàúsát béèrè pé ta ló ń sọ̀rọ̀.

Ìkòkò tó lu! Èmi ni mo bí ọ?

Làsísì.


Agége,
Ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù Kẹfà, 2025.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìmúra iléyá. Àwọn èèyàn náà ti wá, wọ́n sì ti lọ. N kò sí nílé. Láti ọjọ́ Ajé ni ìka ọ̀gá ti ń fò mí, ṣùgbọ́n ní Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n máa wá yẹn gan-an, èmi ló kọ́kọ́ nà án sí. Ẹni tó bá ní òun kò wọlé lọ́jọ́ tí wọ́n pè é, ìka kì í mọ̀ ọ́n mọ́ láéláé. Torí náà mo wọlé. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, Modinat ló sọ ọ́ fún mi, Johnson sì jẹ́rìí sí i láti ojú fèrèsé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ pé gbogbo ọ̀nà la gbà. A bẹ Àǹtí Fàúsát pé kí wọ́n jẹ́ kí a kó ẹrù náà sí yàrá Johnson. Wọ́n ní, "Ẹrù ẹ̀gbọ́n mi? Sí yàrá ẹni tó ń fi butà yín ṣe alága?" Wọ́n jókòó lórí àga kan, wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé èkejì, wọn kò sì dìde mọ́, àfi láti kírun.

Ọmọbìnrin kan ló wá, Olúwayẹ́misí lorúkọ rẹ̀, ó wọ gíláàsì, ó gbé tábúlẹ́ẹ̀tì dání. Ó kan ilẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀ kí Àǹtí.

"Ẹ káàsán mà. Ṣé ibí ni ìdílé Làsísì?"

"Ibí ni, ọmọ mi. Wọlé. Bọ́ bàtà rẹ, kápẹ́ẹ̀tì ni."

"Ẹ ṣé mà. Wọ́n ní ká wá wo bí nǹkan ṣe rí fún yín."

"Ó rí dáadáa. Ọlọ́hun ṣeun. Jókòó lórí àga yẹn. Fi ẹ̀yìn tì í. Ṣé o gbọ́ ọ?"

Ọmọbìnrin náà ní òun gbọ́ ọ. Ó ní irú rẹ̀ kò sí ní ọ́fíìsì àwọn.

"Mà, ṣé ẹ máa ń jẹun lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹta? Ta ló ń kà á? Ẹni tí ebi ń pa ló ń ka oúnjẹ, ọmọ mi."

Modinat ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n..."

"Dákẹ́, ìyàwó. Ojú ló ń tì í. Ilé ire ló ti wá."

"Iṣẹ́ wo ni bàbá ọmọ ń ṣe?"

Modinat sáré dá a lóhùn pé, "Páálí ló ń so."

Àǹtí ní, "Ó ń so páálí fún gbogbo Nàìjíríà. Bísíkíìtì tí ìwọ fúnra rẹ jẹ láti kékeré, ta lo rò pé ó so ó?"

Ibẹ̀ ni Johnson ti yọ orí ní fèrèsé. Ó ní, "Síísítà, irọ́ ni o! Wọn ò ní nǹkan kan! Fáànù wọn wà lọ́dọ̀ mi!" Ó fẹ́ ràn wá lọ́wọ́ ni, bàbá mi. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin náà tẹ nǹkan sínú tábúlẹ́ẹ̀tì. Modinat ní òun rí i: "Wọ́n ní fáànù."

Àǹtí ní, "Má dá a lóhùn. Òun ló jí butà."

Ó wá kan Hassanat. Ọmọ yín kò rẹ́rìn-ín. Ó di ojú pọ̀ bí agbẹjọ́rò. Ọmọbìnrin náà bi í pé kí ló jẹ lónìí. Ó ní, "Tòlótòló."

"Lánàá ńkọ́?"

"Tòlótòló ò tíì kú lánàá."

Ìdáhùn àkọ́kọ́ nìkan ló wọ tábúlẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó bi Modinat bóyá ìṣòro kankan wà. Kí Modinat tó la ẹnu, Àǹtí Fàúsát ti dìde dúró. "Ìṣòro? Kí Ọlọ́hun má jẹ́! Ọ̀tá wo ló rán ọ wá?" Wọ́n wá di itan tòlótòló kan sínú ọ̀rá fún un. Ó gbà á. Ó ní, "Ẹ kú oríire o." Ó sì ya àga náà ní fọ́tò.

Nígbà tí mo dé nírọ̀lẹ́, Modinat jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Kò jókòó lórí rẹ̀. Mo kí àga méjèèjì, mo sì wá ibi tí mo máa dúró sí.

Àǹtí ti ń bọ̀ nílé, wọ́n ní kí ẹrù náà dúró lọ́dọ̀ wa ná. Inú wọn dùn. Wọ́n ní àwọn bò wá lásìírí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá wọn wí. Èsì yóò jáde láìpẹ́. Màdáámù Omole ní òun lè dúró díẹ̀ sí i.

Ọmọ yín,
Ishaq.


Ògbómọ̀ṣọ́,
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹfà, 2025.

Ishaq,

Ẹ kú ọdún. A kò pa ẹran. Mo sọ fún àwọn aládùúgbò pé ìwọ lo fẹ́ pa á ní Èkó lọ́dún yìí.

Mo ti ka ìwé rẹ. Mo fẹ́ bínú sí ọ, torí pé bí kì í bá ṣe pé o pè wọ́n, wọn kì bá tí wá. Mo fẹ́ bínú sí Fàúsát. Ó wọlé pẹ̀lú ijó, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ya àga yín ní fọ́tò!" N kò rí ibi tí màá gbé ìbínú náà sí. Pálọ̀ mi ṣófo.

Mo kọ ìwé kan sí àwọn èèyàn rẹ ní Allen. Ó wà nínú èyí. Gbé e fún wọn fúnra rẹ. Má kà á. Bí o bá kà á, má sọ fún mi pé o kà á.

Làsísì.


Sí Ọ̀gá Àjọ Ìtura Ìdílé Àlejò,
Allen, Ìkẹjà.

Ẹ̀yin èèyàn pàtàkì,

Mo kí yín, mo kí ìdílé yín. Èmi ni Làsísì, ará Ògbómọ̀ṣọ́. Iṣẹ́ ilé-pákó ni mo fi gbogbo ayé mi ṣe. Èmi ni bàbá Ishaq tí ẹ lọ wo ilé rẹ̀ ní Agége.

Àga tí òṣìṣẹ́ yín jókòó lé, tèmi ni. Èmi ni mo kàn án. Ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ní pálọ̀ mi, ilẹ̀ lásán ló kù níbẹ̀, mo sì ń jókòó sórí ẹní. Kápẹ́ẹ̀tì, tèmi ni. Aago, tèmi ni. Tẹlifíṣọ̀n kò ṣiṣẹ́, ẹ lè ní kí wọ́n tàn án wò. Tòlótòló náà, òun nìkan la ní. Obìnrin tó gbà yín lálejò, àbúrò mi ni, ohun tí mo kọ́ ọ ló ṣe.

Ọmọ mi kò ní nǹkan kan. Èmi náà kò ní. N kò kọ gbólóhùn yìí rí, n kò sì sọ ọ́ sétí ẹnikẹ́ni rí. Lèmọ́mù wa fọwọ́ sí i nísàlẹ̀ pé òótọ́ ni. Ó kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní òun kò lè fọwọ́ sí irú ọ̀rọ̀ báyìí nípa mi. Mo mú un wọ inú ilé, mo fi hàn án.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún Hassanat, ọmọ rẹ̀, ní àyè, kó lè wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Èmi àgbàlagbà ni mo bẹ̀ yín.

Làsísì.


Ògbómọ̀ṣọ́,
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù Keje, 2025.

Ishaq,

N kò gbọ́ nǹkan kan. Teslim ti wá, ó ti lọ, ó tún ti wá. Gbogbo ìgbà tó bá dé ni mo ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ti ń sá fún mi.

Ṣé o gbé ìwé náà fún wọn? Kí ni wọ́n wí? Bí o bá sì ti sọ ọ́ nù, sọ fún mi. N kò lè kọ òmíràn.

Làsísì.


Agége,
Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Keje, 2025.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Mo ń dúró kí ìròyìn tó dára dé. Mo ti dúró tó.

Mo gbé ìwé yín lọ sí Allen. Mégáàdì ní kí n dúró ní ìta, mo dúró. Mo tún lọ, ó tún ní kí n dúró. Nígbà tó yá, ó ń bá mi tọ́jú ibi tí mo máa ń dúró sí. Lẹ́yìn náà ni Olúwayẹ́misí yìí jáde, ó sì mú mi wọlé. Ó ka ìwé náà lójú mi. Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nu ún, ó tún un kà. Ó pe ọ̀gá rẹ̀, òun náà kà á. Ọ̀gá náà ní ọjọ́ ti pẹ́ tí òun ti ka Yorùbá tó dùn báyìí. Ó béèrè bóyá ẹ lọ sí yunifásítì.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n yẹ tábúlẹ́ẹ̀tì wò. Orúkọ wa wà lábẹ́ "Ìdílé Tó Ti Gòkè." Wọ́n ní ẹ̀rọ náà gbà kí ènìyàn gòkè, ṣùgbọ́n kò gbà kó sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀gá náà ní tọkàntọkàn ni òun fi ń bá wa kẹ́dùn. Wọ́n ti ṣe ẹ̀dà ìwé yín, wọ́n fi dígí bò ó, wọ́n sì gbé e kọ́ ibi tí àlejò ń gbà wọlé. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi nǹkan bo orúkọ yín. Wọ́n ní orúkọ náà ló jẹ́ kó wọni lára.

Màdáámù Omole kò lè dúró mọ́. Modinat ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Hassanat ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín pẹ̀lú Teslim. Mo ti ní kó fi í sí ìjókòó iwájú.

Kì í jẹ ẹ̀gúsí. Ó máa ń sọ pé òun ti jẹun bí kò bá tíì jẹun, ẹ má gbà á gbọ́. Ó ń bẹ̀rù adìyẹ funfun, kò bẹ̀rù àwọn tó kù. Bí ó bá fẹ́ sùn, etí ẹni ló máa ń dì mú. Etí Modinat ló mọ̀. Ẹ jẹ́ kó di tiyín mú, ẹ ṣáà máa ń sọ pé wọn kò wúlò fún nǹkan kan mọ́.

Kò ní bàtà tuntun. Mo wá a.

Ishaq.


Ògbómọ̀ṣọ́,
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Keje, 2025.

Ishaq, ọmọ mi,

Ó dé láyọ̀. Teslim gbé e sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn aládùúgbò jáde wá wò ó, wọ́n ní, "Ọmọ Èkó! Ìsinmi ló wá lò ni?" Fàúsát ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n wojú mi. Mo mú ọmọ wọlé.

Ó jẹun. Ó béèrè ibi tí àlejò wa wà. Mo ní kò sí àlejò. Ó ní ta wá ni òun ń di ojú pọ̀ fún. Mo sọ fún un pé ó lè rẹ́rìn-ín níhìn-ín, kò sí ẹni tó ń wò ó. Ó ní òun yóò rò ó.

Kò tíì sunkún. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Etí ọ̀tún ló ń dì mú. Ó ń sọ nǹkan sínú rẹ̀ kí oorun tó gbé e lọ. N kò gbọ́ ohun tó ń sọ.

Má dá àga náà padà. Kò sí àyè fún un mọ́, ibẹ̀ ni a ń tẹ́ ẹní ọmọ sí.

Bàbá rẹ.


Agége,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹjọ, 2025.

Bàbá mi,

Ẹ ṣé. Mo ka ìwé yín fún Modinat láti ìta géètì ní Omole. Ajá náà kò jẹ́ kó gbọ́ ìparí rẹ̀. Ara rẹ̀ le. Ó ti sanra díẹ̀, ó ní oúnjẹ tí ajá bá ṣẹ́ kù pọ̀.

Ìka ti fò mí láti ọjọ́ Ajé. Mo máa ń jókòó lórí àga kan láàárọ̀, lórí èkejì nírọ̀lẹ́, kí wọ́n má baà jowú ara wọn. Johnson dá fáànù wa padà. Ó ní kí n tàn án. Mo ní ooru kò mú.

Ẹ bá mi bi Hassanat léèrè bóyá ó ti rò ó tán.

Ìwé kan wà nínú èyí, láti Allen. Òní ló dé. N kò mọ ohun tí mo lè kọ sábẹ́ rẹ̀, torí náà mo fi ránṣẹ́ bó ṣe rí.

Ishaq.


ÀJỌ ÌTURA ÌDÍLÉ ÀLEJÒ
ÌKÉDE FÚN GBOGBO OLÓRÍ ÌDÍLÉ

Inú wa dùn láti fi tó yín létí pé ìbẹ̀wò tó wáyé ní oṣù Karùn-ún jẹ́ ìdánrawò fún àwọn òṣìṣẹ́ wa tuntun. Ó yọrí sí rere. Kò sí ìdílé tí a gbà wọlé, kò sí èyí tí a kọ̀, nítorí pé jẹ́lé-ó-sinmi náà kò tíì ní òrùlé nígbà náà. A dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ìdílé tó gbà wá lálejò.

Ilé náà ti parí báyìí, àyè sì pọ̀ nínú rẹ̀. Gbogbo èsì àtẹ̀yìnwá ni a ti pa rẹ́. Ìbẹ̀wò gidi yóò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án. Kò sí ìdí láti múra sílẹ̀ fún un.

Àkíyèsí: Ìdílé tí ọmọ rẹ̀ kò bá gbé ní Èkó, lọ́dọ̀ ìyá àti bàbá rẹ̀, láti oṣù Karùn-ún títí di ọjọ́ ìbẹ̀wò, kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ètò yìí. Àjọ yìí kì í ṣe alátìlẹ́yìn fún àwọn òbí tí ń kó ọmọ wọn lọ fún ẹlòmíràn tọ́.